Ẹsẹ̀ Plọ́ọ̀gì Wọlé, Èéfín Jáde

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Amẹ́ríkà kó ẹrù ránṣẹ́ sí wa ní Òṣogbo, Xbox 360 kan sì wà nínú rẹ̀ fún àwọn ọmọ. Irú ẹ̀rọ géèmù bẹ́ẹ̀ ti jáde láti ọdún 2005, ṣùgbọ́n lójú àwọn ọmọ tó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù onígéèmù ni wọ́n ti máa ń dúró wo ẹni tó rówó san, Kérésì ló dé láìròtẹ́lẹ̀.

Àbúrò ìyàwó mi ló ní òun yóò so ó. Ó ti bá ẹnì kan fa wáyà ilé kan rí ní Òkè-Fìà, láti ìgbà náà, kò sí oníná tó tún rí iṣẹ́ jẹ nílé wa. Mo fi ohun tí wọ́n kọ sára àpótí dúdú tó ń gba iná fún ẹ̀rọ náà hàn án: fólítì 100 sí 127. Iná tiwa níbí, nígbà tí ó bá pé, 230 sí 240 ni.

Ó rẹ́rìn-ín sí mi. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ ìyẹn fún.”

Ó mú adáptọ̀ kan tó rà ní Alékúwodò jáde, ó fi í bọ plọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ náà, ó sì kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó wọlé wẹ́kú. Irú adáptọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í dín iná kù, ẹsẹ̀ plọ́ọ̀gì nìkan ló ń pààrọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún ẹni tó ti ń pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀?

Iná kò sí lásìkò náà, ní Òṣogbo yìí kan náà tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà. A jókòó dè é. Nígbà tí ó dé, kí àwọn ọmọ tó parí ariwo “Ọ́p Nẹ́pà,” àpótí náà ti dún gbàù, èéfín funfun sì ti ń gba ihò ara rẹ̀ jáde.

“Ta ló gbé ẹ̀wà kaná tó jẹ́ kó jó?” Ìyá mi ló ń pariwo láti inú yàrá.

Àbíkẹ́yìn mi kò gbójú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n tó dúdú kirikiri. Ó ní, “Bọ̀dá, ṣé ogun inú géèmù yẹn ti bẹ̀rẹ̀ ni?”

Bọ̀dá kò dáhùn. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ì bá fi ìka kan pa wà níwájú rẹ̀ gan-an, àmọ́ ìdí mítà tó wà níta ló sá lọ, pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan.

Nígbà tí a gbé e dé ọ̀dọ̀ alátùn-únṣe, ó tú àpótí náà, ó sì fi kapásítọ̀ kan hàn wá tí orí rẹ̀ ti là, tí ohun bí òwú sì yọ síta lára rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ géèmù fúnra rẹ̀ kò kú, nítorí fólítì 12 péré ni àpótí yẹn ń fún un, àti pé bí a bá rí àpótí irú kan náà tí wọ́n kọ 200 sí 240 sí lára, ọ̀rọ̀ parí. Bí a bá sì fẹ́ lo ti Amẹ́ríkà, a gbọ́dọ̀ wá transfọ́mà tó ń sọ iná di 110, kí agbára rẹ̀ sì ju 203 wáàtì ti àpótí náà lọ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá stẹbiláísà wa kò ní ihò 110 lẹ́yìn. Ó ní in. Àbúrò ìyàwó mi ló fi téèpù lẹ ihò náà pa, ó ní kò wúlò fún nǹkan kan.

Àpótí mìíràn la rà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tí bọ̀dá yìí kì í kà kó tó fi í bọ iná, títí kan ṣájà fóònù tí wọ́n kọ 100 sí 240 sí lára, tó lè gba iná ibikíbi. Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi kan, ó gba áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ mi, ó ka ìdí rẹ̀, ó fi ẹ̀rọ wọn iná ilé, ó sì mi orí.

“Ẹ̀gbọ́n, 240 ni wọ́n kọ síbí, 160 ló wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Wọn kò bára mu.”

Mo wọ aṣọ ẹbí náà lọ bó ṣe rún.