Ìwé Ìsìnkú Ló Ń Bọ́ Ìwé Ewì

Ẹ̀gbọ́n mi ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Lagere, ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹni tó bá débẹ̀ rí á mọ̀ pé ewì kọ́ ni ẹ̀rọ wọn ń tẹ̀ jù. Ìwé ètò ìsìnkú ni, ètò ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà ìjọ, pírójẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ OAU. Owó òkú ni wọ́n fi ń ra bébà tí wọ́n ń fi tẹ ìwé èmi àti àwọn bí i tèmi, àwa tí a ó san díẹ̀ sílẹ̀, tí a ó wá máa yà bá kọ̀rọ̀ bí a bá rí wọn lọ́ọ̀ọ́kán.

Ní 2020, kòrónà dé. Ìjọba Ọ̀ṣun sé ìlú mọ́, ayẹyẹ di èèwọ̀. ASUU ti gùn lé ìyanṣẹ́lódì lóṣù Kẹta, oṣù Kejìlá ni wọ́n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, nítorí náà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá kò sí nítòsí. Òkú wà ní mọ́ṣúárì, ẹbí ń dúró. Ẹ̀rọ dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní aláǹgbá ń sùn lórí rẹ̀, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn àsọdùn.

Ní Leeds tí mo wà, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti àwọn ilé ìtàwé pa lóṣù Kẹta yẹn kan náà. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ni wọ́n tó ṣí i. Síbẹ̀, èèyàn lè jókòó sílé kó fi fóònù yá ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ láti ilé ìkàwé ìlú. Bí wọ́n bá sì yá ìwé rẹ, ìjọba á san nǹkan fún ọ. Public Lending Right ni wọ́n ń pè é, òfin rẹ̀ ti wà láti 1979. Lọ́dún 2020 yẹn, kò tó pẹ́ńsì 10 lórí ìwé kan tí wọ́n bá yá, òǹkọ̀wé kan kò sì lè gbà ju 6,600 pọ́n-ùn lọ. Èmi tí mo ní ìwé ọmọdé kan ṣoṣo níbẹ̀, ẹ má bi mí iye tèmi.

Iṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ń bọ́ ìwé mi. Nígbà tí àwọn ẹlòmíì jókòó sílé tí wọ́n ní àwọn ń kọ̀wé, èmi ń de ìbòmú, mò ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn. Bó bá di aago mẹ́rin ìdájí, mo máa ń rí ìlà méjì mẹ́ta kọ. Iná kì í lọ níbẹ̀, mi ò ní purọ́, ìyẹn dùn. Ṣùgbọ́n ní Ifẹ̀, ewì tí mo bá kọ lálẹ́, ará ilé á ti ní kí n kà á kí n tó fọnu láàárọ̀. Ní Leeds, kò tíì sẹ́ni tó ní kí n ka nǹkan kan sókè.

Nígbà tí wọ́n tún fàyè gba ayẹyẹ, ẹ̀gbọ́n mi pè mí. "Àbúrò, òkú ti dé o!" Inú wọn ń dùn, ojú ń tì wọ́n pé inú àwọn ń dùn. Ìdílé mẹ́rin ló gbéṣẹ́ wá láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n ní kí n fi ewì mi ránṣẹ́, bébà á ṣẹ́kù.

Ojú ewé 40 ni. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ bébà dídán tí wọ́n fi ń tẹ fọ́tò olóògbé.