Kí ẹ tó ra ọkọ̀ oníbọ́kẹ́ẹ̀tì fún ṣọ́ọ̀bù pátákó yín

Láti ìgbà tí ọkọ̀ oníbọ́kẹ́ẹ̀tì, ọkọ̀ tó ní apá gígùn tó ń gbé ènìyàn sókè nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ti ń dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Kàbà, ìbéèrè kan náà ni àwọn tí a jọ ń ṣe pátákó ìpolówó ní Ìsánlú, Mọpà àti Ìyàrà ń torí rẹ̀ pè mí: ṣé ó ń pa owó wọlé? Ó ń pa á. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pọ̀ yín ń wò kọ́ ni owó náà ti ń wá. Ẹni tó bá rà á nítorí pátákó tuntun tí yóò máa gbé sókè, yóò pẹ́ kó tó rí owó rẹ̀ kó jọ. Pátákó tó ti wà lókè tẹ́lẹ̀, pàápàá èyí tí ẹlòmíràn gbé síbẹ̀, ló ń bọ́ ọkọ̀ tèmi.

Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Pátákó tuntun, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la ń gbé e. Ní ilẹ̀ Okun wa yìí, ní ìpínlẹ̀ Kogí, ilé epo, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìwé aládàáni àti ilé ìtura ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe tuntun, wọn kì í sì í ṣí wọn lójoojúmọ́. Bí pátákó náà kò bá ga, sikáfóòdù, ìyẹn igi tàbí irin tí a ń tò láti gun òkè, àti okùn ti tó. Bí ó bá wúwo, bọ́kẹ́ẹ̀tì kò lè gbé e, nítorí ènìyàn àti irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Ọ̀pọ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́nìkan kò gbà ju nǹkan bíi kílò 140 sí 180 lọ, ẹni tó wà nínú rẹ̀, bẹ́líìtì rẹ̀, dírílì àti àpò bóòtù, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú iye yẹn. Alukobọ́ǹdù, ìyẹn pátákó alumíníọ́mù, tó ní férémù irin lẹ́yìn, iṣẹ́ kírénì tàbí háyábù, ọkọ̀ akẹ́rù tó ní kírénì lára, ni. Ọjọ́ tí ẹ bá ń gbé pátákó ńlá, ẹ ṣì máa yá kírénì. Bọ́kẹ́ẹ̀tì á kàn gbé ẹni tó ń de bóòtù lọ sókè ni.

Àtúnṣe ni tirẹ̀. Iná tó ń já wọlé lójijì á jó LED inú lẹ́tà, orúkọ báǹkì á wá ku ìdajì lálẹ́. Ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò, láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin, á fa fílẹ́ẹ̀sì, rọ́bà tí wọ́n tẹ àwòrán sí lójú pátákó, ya. Eruku ọ̀nà Ọbajànà, níbi tí tírélà sìmẹ́ǹtì kì í dáwọ́ dúró, á bo ojú pátákó títí tí ẹnikẹ́ni kò fi ní lè kà á. Iná sólà tí wọ́n gbé sí ojú pópó nílùú kéékèèké, bátìrì rẹ̀ á kú, kò sì sí ẹni tó fẹ́ gun òpó. Gbogbo èyí, iṣẹ́ wákàtí kan tàbí méjì ni, wọ́n sì máa ń padà wá.

Èyí tó wá la ọ̀nà fún mi jù ni iye owó epo tó wà lórí pátákó ilé epo. Tẹ́lẹ̀, nọ́ńbà yẹn lè wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ láìyípadà. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, kò sí ẹni tó mọ iye tí yóò wà níbẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Mánéjà kan pè mí nígbà náà, ó ní, "Ọ̀gá onípátákó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa yí nọ́ńbà yìí. Àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ mi ní àwọn ò gun àkàbà yẹn mọ́." Mi ò gba owó ẹ̀ẹ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀. Àdéhùn oṣooṣù la ṣe: nọ́ńbà, iná, fífọ ojú pátákó, gbogbo rẹ̀ pọ̀. Àdéhùn bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ní lọ́wọ́ kí ẹ tó lọ wo ọkọ̀ kankan. Bí ẹ bá bẹ àwọn oníbàárà yín wò tí wọn kò fẹ́ irú rẹ̀, ọkọ̀ yín á máa jókòó.

Ẹ tún yá a ná. Ẹ yá a láti Lọ́kọ́jà tàbí Ìlọrin nígbà tí iṣẹ́ bá ti pọ̀ tó láti kún ọjọ́ kan, kí ẹ sì kọ gbogbo ohun tó bá náwó sílẹ̀: owó ọkọ̀, epo, ẹni tó wà á, àti àkókò tí ẹ fi dúró dè é. Ká ní owó yíyá jẹ́ ₦150,000 lọ́jọ́, tí ẹ sì ń yá a lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, ₦300,000 nìyẹn. Bí ọkọ̀ tiyín yóò bá jẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù nínú epo, táyà, ọ́ìlì àti owó ọmọ iṣẹ́, kí la fẹ́ fi rà á? Ẹ̀yìn ìgbà tí yíyá bá ti wá ń dí iṣẹ́ yín lọ́wọ́ ni kí ẹ tó máa ronú rírà.

Tí ẹ bá ti ní in, ẹ má jẹ́ kó jáde nítorí gílóòbù kan. Mo máa ń kó iṣẹ́ jọ sí ojú ọ̀nà: ọjọ́ kan fún ọ̀nà Ìyàmoyè títí dé ẹnu ààlà Èkìtì, ọjọ́ mìíràn fún Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, Mọpà, Ìsánlú dé Ẹ̀gbẹ̀. Oníbàárà tó ní òun ò lè dúró di ọjọ́ ọ̀nà rẹ̀, á san owó ọkọ̀ lódidi. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń dúró.

Ní ti rírà, tòkunbọ̀ ni gbogbo wa ń rà, ibẹ̀ sì ni mekáníìkì ti máa ń ṣi wa lọ́nà. Á gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, á wo gíà, á ní ọkọ̀ dára. Ẹ́ńjìnnì ṣeé pààrọ̀. Apá tó ń gbé ènìyàn sókè ni ẹ ń rà. Ẹ ní kí wọ́n na apá náà dé ibi tó ga jù, kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sàmì sí ibi tí bọ́kẹ́ẹ̀tì wà, kí ẹ lọ mu gààrí, kí ẹ padà wá wò ó. Bí ó bá ti ń rọra sọ̀ kalẹ̀, sìlíńdà tàbí fáàfù rẹ̀ ti ń jò nínú. Ẹ wo ìdí apá níbi tó ti jókòó sórí ọkọ̀, bóyá wọ́n ti wẹ́ẹ̀dì ibi tó là kí wọ́n sì kùn ún lọ́dà. Ẹ tẹ ọ́ọ̀sì rọ́bà rẹ̀ wò, oòrùn máa ń là á. Ẹ rí i pé bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ lè borí ti òkè, kí ẹni tó wà nílẹ̀ lè sọ ẹni tó bá dákú sókè kalẹ̀. Ẹ bèèrè bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kalẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá kú. Bí ẹni tó ń tà kò bá lè fi hàn yín, ẹ máa lọ sílé. Èyí tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá, ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárì rẹ̀ wà, Road Safety kò sì gba irú rẹ̀ láàyè lójú títì wa. Ẹ má jẹ́ kí owó pọ́ọ́kú rẹ̀ fà yín.

Iná ló ń bà mí lẹ́rù jù. Wáyà iná 33,000 fólítì àti 11,000 fólítì ló gba ojú pópó wa kọjá, òmíràn sì súnmọ́ orí ṣọ́ọ̀bù. Òfin àwọn ará Amẹ́ríkà ni pé ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ iná kò gbọdọ̀ jẹ́ kí àyè àárín òun àti wáyà tí agbára rẹ̀ kò ju 50,000 fólítì lọ dín sí mítà 3. Òfin yẹn ni mo gbà lò. Apá ọkọ̀ kan wà tó ní fáíbà tí kì í jẹ́ kí iná kọjá, òmíràn sì jẹ́ irin látòkè délẹ̀. Kódà èyí tó ní fáíbà, bí wọn kò bá ti yẹ̀ ẹ́ wò láìpẹ́, tàbí tí ìdọ̀tí àti omi bá wà lára rẹ̀, irin ni kí ẹ pè é. Bí ibi iṣẹ́ kò bá fàyè mítà 3 yẹn sílẹ̀, a máa ń kọ̀wé sí AEDC, ilé iṣẹ́ tó ń pín iná fún wa, pé kí wọ́n pa iná, a kì í sì í gòkè títí òṣìṣẹ́ wọn yóò fi dúró níwájú wa tí yóò sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ pé ó ti kú. Tí apá bá kan wáyà pẹ́nrẹ́n, kí ẹnikẹ́ni nílẹ̀ má fọwọ́ kan ọkọ̀ náà, kódà bí ọmọ rẹ̀ ló wà lókè.

Ilẹ̀ náà ní tirẹ̀. Ẹsẹ̀ irin tí ọkọ̀ ń nà sílẹ̀ kò gbọdọ̀ bọ́ sórí kọnkéré tí wọ́n fi bo gọ́tà, yóò wọlé ni. Ìlú wa kún fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ilẹ̀ pupa sì máa ń rọ̀ lẹ́yìn òjò, nítorí náà pákó líle mẹ́rin kì í kúrò nínú ọkọ̀ mi. Ẹni tó bá gòkè, ìdè ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ so mọ́ apá ọkọ̀, kì í ṣe mọ́ òpó pátákó, nítorí bí tírélà bá fi ara kan ọkọ̀ nísàlẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì á ta á jù sókè. Tọkùnrin tobìnrin ni mo fi kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹni tí kò bá so ìdè kì í gòkè nínú ọkọ̀ mi.

Nǹkan kan kù tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Bí ọdún Òfíà Ọ̀ṣẹ́ṣẹ́ bá ti ń súnmọ́ tí gbogbo ẹgbẹ́ fẹ́ ta báńà sójú títì, gbogbo ìlú á di ìbátan yín. Ẹ̀gbọ́n á ní kí ẹ bá òun so báńà kan péré, bàbá ìjọ á rántí gílóòbù orí ilé ìsìn, ẹnìkan á sì wá bẹ̀ yín nípa igi àgbọn ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Èmi kì í gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹbí, ṣùgbọ́n epo ọkọ̀ àti owó ọmọ tó ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n á mú un wá kí ọkọ̀ tó gbéra. Igi àgbọn, mi ò ṣe é rárá.