Iṣẹ́ sítéèjì wa: ògiri bárékè ti dúró o!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bi mí pé ibo la bá iṣẹ́ dé, ògiri ti dúró! Fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọ̀rẹ́ mi kan níbí ní Los Angeles, òṣèré ni, ọmọ Amẹ́ríkà tí ìran ẹ̀ wá láti Japan, òun ló fẹ́ ṣeré nípa ìyá ìyá ẹ̀ ní tíátà àdúgbò wa, èmi tí mo fẹ́ràn iṣẹ́ káfíńtà tọ́wọ́ bá dilẹ̀ ni wọ́n ní kí n bá wọn kan yàrá bárékè, ìyẹn ilé pákó tí wọ́n kó àwọn èèyàn sí ní àgọ́, tó máa wà lórí sítéèjì.

Ní February 1942, nígbà tí Amẹ́ríkà ń bá Japan jagun, Ààrẹ Roosevelt buwọ́ lu àṣẹ 9066, bí wọ́n ṣe kó nǹkan bí 120,000 èèyàn tó jẹ́ ìran Japan kúrò nílé wọn lọ sí àgọ́ mẹ́wàá nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ló jẹ́ ọmọ bíbí Amẹ́ríkà! Manzanar, ọ̀kan nínú àwọn àgọ́ náà ní aginjù California, ni wọ́n kó ìyá àgbà lọ, ìwọ̀nba ẹrù tápá wọn lè gbé nìkan ni wọ́n jẹ́ kí wọ́n mú.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa kọ́kọ́ ní ká gbé kimono àti abẹ̀bẹ̀ jáde kí òǹwòran lè tètè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Japan ni. Ọ̀rẹ́ mi kọ̀ jálẹ̀. Ó ní California ni wọ́n bí ìyá àgbà sí, òun náà ibẹ̀ ni wọ́n bí òun sí, síbẹ̀ àwọn èèyàn ò yéé bi òun pé níbo lo ti wá gan-an. Mo gbè é lẹ́yìn gbágbáágbá. Nílùú yìí kan náà ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ tíátà East West Players sílẹ̀ lọ́dún 1965 torí pé ipa ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n ń fún àwọn òṣèré ìran Asia ti sú wọn, kí la wá fẹ́ fi abẹ̀bẹ̀ ṣe?

Ìwé ìtàn àgọ́ yẹn ni mo tú kiri. Yàrá kan ò ju ẹsẹ̀ bàtà 20 sí 25 lọ, èèyàn mẹ́jọ lè wà ńbẹ̀, gílóòbù kan ṣoṣo, sítóòfù kan, mátíràsì tí wọ́n ki koríko gbígbẹ sí. Pákó tútù ni wọ́n fi kan ilé náà, nígbà tó gbẹ ó sún kì, àlàfo yọ, ojú kókó igi já bọ́, eruku aginjù wá ń wọlé bó ṣe wù ú. Ìdérí agolo làwọn èèyàn wá ń kàn mọ́ àwọn ihò yẹn.

Bí mo ṣe ka ibẹ̀ báyìí ni mo mọ irú ògiri tí mo fẹ́ kàn: èyí tí ọ̀rẹ́ mi á máa kan ìdérí agolo mọ́ lórí sítéèjì. Mo fi àlàfo sáàárín pákó, mo fi dríìlì lu ojú kókó igi, mo fi sáńpépà ha etí ẹ̀ kó má jọ iṣẹ́ ẹ̀rọ, mo wá fi pákó rírọ̀ tó ṣeé pààrọ̀ yí ihò kọ̀ọ̀kan ká kí ìṣó lè wọlé ní gbàmù méjì lálaalẹ́ láì ba ògiri jẹ́. Gbogbo ìdérí agolo ni mo fi fáìlì rẹ́ létí kó má bàa ya ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ ò rí nǹkan tí ọ̀rẹ́ mi fi ṣe! Tẹ́lẹ̀, ńṣe ló máa ń ké ọ̀rọ̀ ìyá àgbà bí ẹni ń wàásù. Báyìí ó ki ìṣó mẹ́ta sí ètè, ó ń kan ìdérí, ọ̀rọ̀ náà wá ń gba àárín ìṣó jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ejìká ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó di obìnrin tó ń tún ilé tí kì í ṣe tiẹ̀ ṣe. Dírẹ́kítọ̀ wa ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ibẹ̀ mọ́.

Ó ku mátíràsì. Koríko gidi ò ṣeé gbé sábẹ́ iná sítéèjì, mo sì fẹ́ kó máa dún wàràwàrà tó bá jókòó lé e. Ẹni tó bá mọ nǹkan tí mo lè kì sí i, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún mi.