Ẹ bá mi yọ̀, ọmọ mi ti délé

Ọmọ mi jẹ àmàlà láàárọ̀ yìí. Ó jẹ ẹ́ tán, ó tún ní kí n bu gbẹ̀gìrì sí i. Mo sá wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún títí ojú mi fi wú. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń pè mí láti bí ọjọ́ mọ́kànlá tí mi ò gbé ìpè yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ̀yin tí ẹ dé ìsọ̀ mi tí ẹ bá àgádágodo lẹ́nu rẹ̀, ohun tó fà á nìyí. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tó tó ọpẹ́ yìí sọ, mi ò rí i. Ẹ jẹ́ kí n kúkú ròyìn rẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé SS ni, àìsàn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹ ti ń bá mi gbàdúrà lé e lórí láti kékeré, láti ìgbà tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wú. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún báyìí. A mọ bí ìrora yẹn ṣe máa ń wá: òjò á pa á, tàbí ibà á mú un, tàbí kò ní mu omi tó, ẹ̀jẹ̀ á dí iṣan, egungun á wá máa ké. Ṣùgbọ́n ti ọ̀tẹ̀ yìí kò jọ èyí tí a ti ń rí. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, kò fẹ́ kí aṣọ kan itan rẹ̀. Paracetamol kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ọmọ tó ga jù mí lọ ń sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ gbé e lọ, mi ò ní dárúkọ wọn. Dókítà tó wà níbẹ̀ kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti ní, "Àwọn ọmọ SS yìí, abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń wá kiri." Ọmọ tó ń fi eyín ya pílò! Mi ò ní purọ́, àwọn kan wà tí abẹ́rẹ́ apàrora pentazocine ti di bárakú fún, tí wọ́n ń rà á ní kẹ́míìsì tí wọ́n sì ń gún ara wọn. Mo mọ ìyá kan tí irú rẹ̀ wà nílé rẹ̀, àánú rẹ̀ ń ṣe mí. Ṣùgbọ́n ṣé nítorí wọn ni ẹni tí egungun rẹ̀ ń ké kò fi ní rí ẹni gba òun gbọ́? Dókítà, ọmọ mi kò fi í ṣe eré. Mo fẹ́ kí o mọ̀.

A gbé e padà sílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń bà mí títí di òní. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kan ní oògùn oorun lọ́wọ́, diazepam. Ó ní kí n fún un ní hóró méjì, pé tó bá sùn, ìrora á lọ. Mo fún un. Kò sùn. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́ a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba.

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni. Àwọn méjì péré ni wọ́n wà lórí iṣẹ́ lálẹ́ yẹn, gbogbo bẹ́ẹ̀dì ló sì kún. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Màmá, kí ni ọmọ yìí ti lò láti àárọ̀? Gbogbo ẹ̀ pátá, títí kan àgbo." Mo ní paracetamol nìkan ni. Ojú ń tì mí. Mo rò pé wọ́n á pariwo lé mi lórí níwájú àwọn èèyàn pé mo fún ọmọ ní oògùn tí wọn ò kọ fún un. Mo gbé òótọ́ mì.

Dókítà gba ọmọ mi gbọ́. Ó bi í pé láti oódo dé ẹ̀wá, ipò wo ni ìrora náà wà, ọmọ ní ẹ̀wá. Wọ́n fi omi sí i lára, wọ́n sì kọ mọfíìnì, abẹ́rẹ́ apàrora tó lágbára gan-an. Mo wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Inú àpótí onítìpa ni wọ́n ti mú un jáde, àwọn nọ́ọ̀sì méjèèjì jọ yẹ ìgò kékeré náà wò, wọ́n jọ fọwọ́ sí ìwé. Mílígírámù 10 ló wà nínú rẹ̀, 5 ni dókítà ní kí wọ́n fún un, wọ́n da èyí tó kù nù lójú ara wọn, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn dà á nù. Nọ́ọ̀sì mi po 5 náà mọ́ omi, ó ń tì í wọlé díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ wà lára ọmọ, kò sí lára mi. Nígbà tó yá tí ìrora ò tíì rọ̀ tó, dókítà padà wá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n tún fún un díẹ̀. Ó di ọ̀gànjọ́ kí ara tó tù ú. Ó sùn. Oorun àkọ́kọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta! Mo dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, mo ń yin Olúwa.

Nọ́ọ̀sì yẹn kò jẹ́ ká sinmi. Gbogbo ìgbà ló ń wá. Á gbé ọwọ́ lé àyà rẹ̀, á wo aago ọwọ́ rẹ̀, kò ní sọ̀rọ̀. Á jí i, á bi í pé kí lorúkọ ẹ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó wà pẹ̀lú wa pòṣé, ó ní irú ìyọnu wo nìyí, wọn ò rí i pé ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí oorun sùn ni? Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ má bínú mà, kì í ṣe oorun rẹ̀ ni mò ń wò, èémí rẹ̀ ni mò ń kà. Tí oorun yìí bá ti ń wúwo jù, èémí náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù tẹ̀ lé e."

Aago kan ti kọjá díẹ̀ nígbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí han-an-run. Kì í han-an-run nílé. Èmi ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ní oorun náà wọ̀ ọ́ lára. Nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ láti òdìkejì wọ́ọ̀dù, ó fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀, eré ló fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ó kà. Ó tún un kà. Mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí ara rẹ̀ le máa ń mí tó méjìlá sí ogún. Ó fi ìkúùkù fa egungun àyà rẹ̀, ó pe orúkọ rẹ̀, ọmọ ò dáhùn. Ó fi iná wo ojú rẹ̀, dúdú ojú ti sún kì bí orí abẹ́rẹ́. Ètè rẹ̀ ti yí àwọ̀ padà. Ó ké pe dókítà, ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ó fi ọ́síjìn sí i, ó wá yíjú sí mi.

"Màmá, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Kí ló lò nílé?"

Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó mọ̀. Mo ní, "Oògùn oorun. Méjì. Ẹ jọ̀ọ́."

Kò bú mi. Títí mo fi máa kú mi ò ní gbàgbé pé kò bú mi. Ó ní, "Ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́," ó sì sọ fún dókítà.

Oògùn tí wọ́n fún un ni naloxone, òun ló ń já mọfíìnì kúrò níbi tó dì mọ́ nínú ọpọlọ. Díẹ̀díẹ̀ náà ni wọ́n fi fún un, torí tí wọ́n bá dà á lé e lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ìrora yẹn á já lù ú padà. Mo ń ka àyà rẹ̀ pẹ̀lú wọn láìmọ̀. Méje. Mẹ́sàn-án. Mọ́kànlá. Ó la ojú, ó wò mí, ó ní, "Mọ́mì, ó ń dùn mí." Láyé mi, mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn lè dùn tó bẹ́ẹ̀ létí ìyá.

Mo fẹ́ dìde jó. Nọ́ọ̀sì ní kí n jókòó, pé naloxone máa ń tètè tán lára ju mọfíìnì lọ, ohun tó lọ lè padà. Bó ṣe wí náà ló rí. Kò ju bíi wákàtí kan lọ tí ojú rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé, wọ́n tún fún un. Kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ní àárọ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní a ò gba mọfíìnì mọ́ láéláé, pé oògùn ẹni tó ń kú lọ ni. Dókítà ṣàlàyé pé mọfíìnì nìkan kọ́ ló ṣe é, òun àti diazepam ló pàdé nínú ara kan náà tí àwọn méjèèjì sì jọ ń tẹ èémí rì. Wọn ò gba oògùn náà lọ́wọ́ ọmọ mi. Wọ́n dín in kù, wọ́n fi paracetamol tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń ka èémí, wọ́n sì ń kọ ọ́. Ara rẹ̀ yún un, ìgbẹ́ há, wọ́n fún un ní oògùn ìgbẹ́. Bí ìrora ṣe ń lọ ni wọ́n ń dín in kù, kí wọ́n tó dá a dúró pátá. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, a wálé.

Ẹni tó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lánàá pé kí n ra mọfíìnì pa mọ́, kí ọmọ kẹ́míìsì àdúgbò máa wá gún un nílé kí a má fi owó ṣòfò ní ọsibítù, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ka èémí rẹ̀ láago kan òru? Naloxone dà lọ́wọ́ ọmọ kẹ́míìsì? Ẹ má sọ irú rẹ̀ fún mi mọ́.

Ẹ̀yin ìyá bíi tèmi, ẹ kó gbogbo páálí oògùn ilé sínú náílọ̀n kan, kí ẹ gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ ti àgbo, ẹ sọ ti paraga, ẹ sọ ti oògùn oorun. Tí kíndìnrín ẹni yín bá ní wàhálà, ẹ sọ ọ́, torí mọfíìnì máa ń pẹ́ lára irú wọn. Ẹ má bá aláìsàn tó ń sùn bẹ abẹ́rẹ́ sí i. Òun fúnra rẹ̀ ni kó la ojú kó sọ pé ó ń dun òun. Ẹ bi wọ́n pé ta ló ń ṣọ́ èémí rẹ̀ lálẹ́. Ẹ sì fi àwọn nọ́ọ̀sì sílẹ̀ kí wọ́n jí i.

Lọ́jọ́ tí a ń bọ̀, mo mú àǹkárá méjì dání fún un, èyí tó dára jù lọ́jà mi. Kò gbà á. Mo sunkún sí i lọ́rùn. Mo ní kí ló wá fẹ́ kí n ṣe? Ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e lé àyà ọmọ mi, ó yọ aago ọwọ́ rẹ̀ sí mi lójú, ó ní kí n kà títí ìṣẹ́jú kan yóò fi pé.

Lánàá, nígbà tí gbogbo ilé ti sùn, mo lọ jókòó tì í. Mo gbé ọwọ́ lé e láyà. Mẹ́rìndínlógún.