Ẹ̀ẹ̀kan kò tó: ohun tí ojú mi rí nídìí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń tún tẹlifíṣọ̀n onídìí gọbọi ṣe, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ìka mi ṣì ń ta mí.

Mo ti yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná. Mo ti fi sukurudíráfà tú iná inú túùbù, ìgò ńlá tó ń gbé àwòrán jáde, dànù, ó dún pàù, bí wọ́n ṣe kọ́ wa gan-an nìyẹn. Ẹ má pè mí ní ọmọ-iṣẹ́ o. Mo wá dìde lọ dá oníbàárà lóhùn. Nígbà tí mo padà dé, mo ki ìka bọ abẹ́ rọ́bà roboto tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ túùbù láti tú wáyà flyback, ẹ̀yà tó ń fún túùbù ní iná ńlá.

Iná gbé mi! Apá mi le gbagidi títí dé èjìká, ohùn ò jáde lẹ́nu mi. N ò mọ̀gbà tí mo fa ọwọ́ yọ, irin etí tẹlifíṣọ̀n náà sì ya ẹ̀yìn ọwọ́ mi bí abẹ. Ìgbọ̀nwọ́ mi kù díẹ̀ kó gbá ọrùn túùbù. Ìgò tí wọ́n fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde nìyẹn o! Bó bá fọ́, ojú mi ni àfọ́kù ì bá tú sí. Nígbà tó yá, ara mi balẹ̀, mo parí iṣẹ́.

Capacitor, ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́, ni túùbù yẹn fúnra rẹ̀. Tó bá ń ṣiṣẹ́, iná inú túùbù aláwọ̀ mèremère lè tó 20,000 sí 30,000 fóòtì. Tí ẹ bá tú u dànù lẹ́ẹ̀kan, èyí tó sá pamọ́ sínú ìgò á tún máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, ẹ tú u, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ tún un tú. Ẹ kọ́kọ́ so wáyà tó wà lára sukurudíráfà mọ́ wáyà ìhòòhò tó gba ẹ̀yìn túùbù kọjá, kì í ṣe mọ́ bọ́ọ̀dù, kó má baà jó IC, àwọn ẹ̀yà kéékèèké orí bọ́ọ̀dù. Ọwọ́ kan ni kó ṣiṣẹ́, kí èkejì wà lẹ́yìn yín. Ẹ bọ́ òrùka àti aago.

Àwọn kan ní iná túùbù kì í pani. Wọ́n á sọ ọ́, apá tiwọn kọ́ ló le. Capacitor ńlá ibi tí iná ń gbà wọlé ńkọ́? Níbi tí iná ilé bá ti jẹ́ 220 sí 240, ó máa ń ju 300 fóòtì lọ. Resistor, ẹ̀yà tó ń dín agbára iná kù, ni kí ẹ fi tú tiẹ̀, kí ẹ sì fi mítà wò ó.

Ní tèmi, bí mo bá dìde nídìí ẹ̀ báyìí, ìbáà jẹ́ omi ni mo lọ mu, mo ń tún un tú kí n tó fọwọ́ kàn án.