Ewé ilá tí mo gé

Òní ni mo wọn ilá tó kẹ́yìn. Ìrì ṣì wà lára ewé nígbà tí mo wọ ẹ̀yìnkùlé. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì alápá gígùn tí mo fi ń ṣiṣẹ́, torí pé irun ara ilá máa ń yún mi lọ́wọ́ títí di ọ̀sán. Igi méjìdínlógún ni. Mo ká tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo da ti igi kọ̀ọ̀kan sínú abọ́ tirẹ̀, mo gbé e lé òṣùwọ̀n kékeré, mo sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ká lónìí, ó di ọ̀tunla kí n tó tún ká, torí ilá kì í dúró de ẹnikẹ́ni: èyí tó rọ̀ lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ lè ti gbó kó tó di Ọjọ́ Àìkú.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò gùn. Bí èèyàn bá gé nínú ewé igi, ṣé èso igi náà á pọ̀ sí i ni, àbí á dín kù?

Àbúrò mi ọkùnrin ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ontario ní Kánádà ló ń gbé. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2018 ni òfin ibẹ̀ ti gba àgbàlagbà láàyè láti lo igbó, ewé tí wọ́n ń fà bíi sìgá, òfin ìjọba àpapọ̀ wọn sì gbà kí ilé kan gbin igi mẹ́rin. Ó gbin mẹ́rin tirẹ̀ sínú àgọ́ kan nínú yàrá, ó so iná sókè orí wọn. Ó ní àwọn tó ń gbìn ín kò gbà fún ara wọn lórí ewé ńláńlá rẹ̀, èyí tó ya bí ìka ọwọ́ yẹn. Àwọn kan ní kí wọ́n gé e nígbà tí igi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ òdòdó, kí wọ́n tún gé e ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, kí ìmọ́lẹ̀ lè ráyè dé òdòdó tó wà nísàlẹ̀. Àwọn tó kù ní ẹni tó gé ewé, oúnjẹ igi ló gé dànù. Ó wá pè mí: “Àǹtí mi, ẹ̀yin lẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní bàyọ́lọ́jì. Èwo ni ká gbà gbọ́?”

Mi ò lè gbin igbó níbí, mi ò sì fẹ́ gbìn ín. Òfin tí wọ́n ti ṣe ní Nàìjíríà láti 1966 kò tíì kúrò nílẹ̀, àwọn NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, sì ń wọ inú ẹgàn ní Ọ̀ṣun àti Oǹdó láti lọ ba oko rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ọmọ náà kò jẹ́ kí n sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà, torí mo rántí pé láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni Màámi ti máa ń gé ewé ìsàlẹ̀ ilá. Ọdọọdún ni. Mo ní kí n fi ilá wádìí rẹ̀.

Mo ti kọ́kọ́ dán an wò lọ́dún tó kọjá, mi ò sì ṣe é dáadáa. Ó dùn mí, nítorí náà mo fẹ́ sọ bó ṣe rí. Ìlà méjì ni mo gbìn. Mo gé ewé ìlà kan, mo fi èkejì sílẹ̀. Ìlà tí mo gé so ju èyí tí mi ò gé lọ, kì í sì í ṣe díẹ̀. Inú mi dùn, mo pe àbúrò mi lálẹ́ ọjọ́ kan náà, mo ní ọ̀rọ̀ ti parí, gé ewé rẹ o. Ó di oṣù kejìlá, ọ̀gbẹlẹ̀ mú, gbogbo koríko ẹ̀yìnkùlé gbẹ, ṣùgbọ́n ní ibi tí ìlà tí mo gé wà, koríko ibẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Mo dúró wò ó. Omi balùwẹ̀ wa ló ń gba abẹ́ ibẹ̀ kọjá lọ sí gọ́tà. Omi ló bu ilá sí i, èmi sì gbé oríyìn rẹ̀ fún ọ̀bẹ.

Nítorí náà, lọ́tẹ̀ yìí, mo pín igi méjìdínlógún náà ní mẹ́ta-mẹ́ta, àwọn mẹ́ta tó wà nítòsí ara wọn, kí ilẹ̀ wọn lè jọra, kí oòrùn wọn sì jọra. Láàárín mẹ́ta kọ̀ọ̀kan, mo ṣẹ́ gègé: mo ká bébà mẹ́ta sínú abọ́, mo ní kí ọmọ aládùúgbò wa fà á. Ọ̀kan nínú mẹ́ta, mi ò fọwọ́ kan ewé rẹ̀. Èkejì, ewé ìsàlẹ̀ tó fẹ́ máa kan ilẹ̀ nìkan ni mo gé, bí Màámi ṣe ń ṣe é. Ẹ̀kẹta, ewé kan mo gé, ewé kan mo fi sílẹ̀, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, mo sì ń tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ronald Fisher tó lọ ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí oko ní Rothamsted, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1919, ló kọ́ àwọn onímọ̀ oko pé ká má ṣe fi ọwọ́ ara wa yan igi tí a ó gé, ìbò ni kó yàn án. Ó tẹ́ mi lọ́rùn pé ní Ifẹ̀ níbí, kò sẹ́ni tó máa bi mí pé kí ni wọ́n ń pè ní ìbò. Màámi jókòó sórí àpótí, wọ́n ń wò wá. Wọ́n ní, “O wá ń ṣẹ́ gègé fún ilá?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Irúgbìn ilá tí wọ́n ń pè ní 47-4, tó wá láti NIHORT, ibùdó ìwádìí ọ̀gbìn ẹ̀fọ́ àti èso ní Ìbàdàn, ni mo gbìn, torí pé ó máa ń tètè so. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í tanná, mo máa ń jáde lówùúrọ̀ kí n tó lọ síléèwé kí n lè rí i. Òdòdó ilá kì í ju ọjọ́ kan lọ. Yóò ṣí lówùúrọ̀, ara rẹ̀ á pọ́n bíi pupa ẹyin, inú rẹ̀ á dúdú bí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ, nígbà tó bá fi di ìrọ̀lẹ́ yóò ti ká jọ. Abíyá ewé ló ti ń yọ, ní oríkèé ibi tí ọ̀pá ewé ti so mọ́ igi. Bí ó bá di ilá, ewé tó wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an ló sún mọ́ ọn jù láti bọ́ ọ. Ewé ni ìdáná igi; oòrùn ni iná rẹ̀. Nígbà tí mo bá ki abẹ bọ ọ̀pá ewé kan lórí igi ẹ̀kẹta, tí oje rẹ̀ tó ń yọ̀ bá rọ̀ mọ́ mi níka, tí mo sì rí ilá kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú níbẹ̀ tí kò ní ewé mọ́, àánú rẹ̀ máa ń ṣe mí. Síbẹ̀, mo gé ewé náà.

Àwọn kòkòrò kéékèèké tó ń ta pọ́ún-pọ́ún wọ̀nyẹn kò jẹ́ kó rọrùn. Gbogbo ẹni tó bá gbin ilá lágbègbè wa ló mọ̀ wọ́n. Wọ́n máa ń lu ewé ní ihò títí yóò fi dà bí ajọ̀. Lójú tèmi, ara igi tí mo gé ewé rẹ̀ dé ìdajì ni ìyà wọn ti hàn jù, torí ewé tó ṣẹ́ kù fún un kò pọ̀ tó èyí tí wọ́n máa pín jẹ.

Lọ́sẹ̀ kẹta, mo ti iléèwé dé, mo rí i pé wọ́n ti ká ilá lórí igi mélòó kan. Ọmọ aládùúgbò wa náà ni, ó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. Ó ti gbé e fún Màámi, wọ́n sì ti rẹ́ ẹ sínú ọbẹ̀. Ó rí ojú mi, ó kúnlẹ̀: “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.” Mi ò bínú sí i. Àwa méjèèjì lọ sídìí igi, a ń wá ibi tí ọgbẹ́ rẹ̀ ṣì tutù. Mẹ́ta lára igi kan, mẹ́rin lára òmíràn, ẹyọ kan lára ẹ̀kẹta: mẹ́jọ. Mo fi ìwọ̀n ilá tí igi kọ̀ọ̀kan ti ń so tẹ́lẹ̀ ṣírò rẹ̀, mo sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé pé ìṣirò ni, kì í ṣe òṣùwọ̀n.

Mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ láàárọ̀ yìí. Igi mẹ́fà tí mi ò gé so gíráàmù 2,310. Mẹ́fà tí mo gé ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ so 2,245. Mẹ́fà tí mo gé dé ìdajì so 1,480.

Ti ìdajì yẹn hàn kedere. Nínú mẹ́ta-mẹ́ta mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, òun ló kéré jù ní gbogbo ìgbà. Ṣùgbọ́n gíráàmù 65 tó wà láàárín àwọn méjì tó ṣáájú, mi ò lè fi sọ nǹkan kan. Nínú àwọn tí mi ò fọwọ́ kàn pàápàá, igi kan so 520, òmíràn so 260, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ kan náà ló gbìn wọ́n, ọjọ́ kan náà ni mo sì gbìn wọ́n. Bí igi tí a kò ṣe ní nǹkan kan bá lè jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀, kí ni 65 jẹ́? Ewé ìsàlẹ̀ ti wà lábẹ́ òjìji àwọn yòókù, ó ti ń pọ́n, ohun tó ń sè fún igi kò tó nǹkan mọ́.

Mo mú ìwé náà tọ Màámi lọ níbi tí wọ́n ti ń ṣa ewé ẹ̀fọ́. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí n ó fi sọ ọ́ kó má bàa dà bíi pé mo ń já wọn nírọ́. Mo ní, “Màámi, ewé ìsàlẹ̀ tí ẹ máa ń gé, kò mú ilá pọ̀ sí i.”

Wọ́n gbójú sókè. “Ta ló ní ó ń mú un pọ̀?”

Mo dákẹ́.

Wọ́n ní, “Bí òjò bá rọ̀, kì í ta ẹrẹ̀ sí ewé tó kan ilẹ̀ ni? Ẹrẹ̀ yẹn ló máa ń kó àrùn bá a, tí yóò fi máa gun òkè lọ. Ẹsẹ̀ ilá gbọ́dọ̀ mọ́, kí n lè rí ejò, kí n má sì gbàgbé ilá kan síbẹ̀ tí yóò fi gbó.”

Ọdún méjì ni mo fi wádìí ohun tí ìyá mi kò sọ rí. Ìdí tí wọ́n fi ń gé e wà lẹ́nu wọn, mi ò bi wọ́n.

Mo ti fi àwòrán ìwé náà ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Mo sọ fún un pé ilá ni èmi wọ̀n. Iná tirẹ̀ ń ti òkè wá lójú kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì ń kórè igi rẹ̀, èmi ń ká tèmi fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Igi mẹ́rin kò tó láti fi dá ẹjọ́. Bí ó bá fẹ́ mọ̀, kó ṣẹ́ gègé, kó gé méjì, kó fi méjì sílẹ̀, kó sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó pe ẹnikẹ́ni bí mo ti pe òun lọ́dún tó kọjá. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìpè yẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ yìí, mo ya ìlà sí ojú ewé tuntun nínú ìwé mi: ewé tó ní ẹrẹ̀, ewé tó ní àbàwọ́n, ilá tí a gbàgbé tó fi gbó. Màámi ní kí n fi àyè kan sílẹ̀ fún ejò.