Orí amọ̀ kì í jẹ́ ìpè

Ọjọ́bọ̀, alẹ́.

Òjò láti àárọ̀, iná ò dé. Ìyẹn ni ti òde òní.

Gbólóhùn kan ló há sí mi létí. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin iléèwé tí wọ́n jí gbé ní Chibok lórí rédíò inú ọkọ̀, ẹnìkan sì mẹ́nu ba àwọn orí amọ̀ tí wọ́n mọ fún wọn ní Ifẹ̀. Ìyá kan tó jókòó sẹ́yìn awakọ̀ ní, "Ẹ pè é títí ilẹ̀ ó fi ṣú, orí amọ̀ kì í jẹ́ ìpè." Kò sí ẹni tó fèsì. Ó sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ tó tẹ̀ lé e.

Orí amọ̀ kì í jẹ́ ìpè.

Inú kọ́kọ́ bí mi, nítorí mo mọ ohun tó wà nínú kí orí amọ̀ kan ṣoṣo ti inú iná jáde ní odindi. Ẹrẹ̀ kọ́. Amọ̀ tí wọ́n wà wá, wọ́n á ṣa òkúta àti gbòǹgbò inú rẹ̀, wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á pò ó títí atẹ́gùn á fi jáde nínú rẹ̀. Àpáàdì tí wọ́n gún kúnná á wá wọ inú rẹ̀, bí ìwọ̀n àpáàdì kan sí amọ̀ mẹ́rin. Amọ̀ tí kò ní àpáàdì nínú máa ń súnkì jù bó bá ń gbẹ, á sì là. Inú orí gbọ́dọ̀ ṣófo, ara rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ nípọn ju ìka ọwọ́ kan lọ. Ọrùn ló kọ́kọ́ máa ń bàjẹ́, torí ibẹ̀ ni ibi tó nípọn ti pàdé ibi tó fẹ́lẹ́, ọ̀kan á gbẹ ṣáájú èkejì, wọ́n á fà á ya. Lẹ́yìn ọrùn, etí àti imú. Ẹni tó bá kàn lẹ̀ wọ́n mọ́ ojú láìfi ọbẹ ha ibi méjèèjì, láìfi amọ̀ ṣíṣàn pa á, kó máa retí pé wọ́n á já. Abẹ́ òjìji ló ti ń gbẹ, wọ́n á fi ọ̀rá bò ó, ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Nírú òjò yìí, mẹ́ta. Bí omi bá ṣẹ́ kù nínú rẹ̀, tí ooru iná kọjá 100 dígírì, omi á di èéfín omi gbígbóná, á máa wá ọ̀nà jáde. Bí kò bá sí ihò fún un, orí á bú, á sì kó ba àwọn tó wà nítòsí rẹ̀. Iná igi ní gbangba lè dé 700 sí 900 dígírì. Bó bá tán, ẹ má fọwọ́ kàn án títí á fi tutù fúnra rẹ̀. Ìkánjú níbẹ̀ ló ń la agbárí.

108 irú rẹ̀ ni wọ́n mọ ní Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Prune Nourry, oníṣẹ́ ọnà ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló dá iṣẹ́ náà sílẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ 108 ló fọwọ́ mọ ọ́n, wọ́n sì pàtẹ rẹ̀ ní Èkó lọ́dún 2022. Ìrísí orí Ifẹ̀ àtijọ́ ni wọ́n tẹ̀ lé, àwòrán díẹ̀ nínú àwọn ọmọ náà tí ìdílé wọn yọ̀ǹda ni wọ́n sì ń wò. Ọmọ 276 ni Boko Haram kó ní alẹ́ 14 oṣù kẹrin 2014. 57 sá mọ́ wọn lọ́wọ́ láìpẹ́. 21 dé ní oṣù kẹwàá 2016, 82 ní oṣù karùn-ún 2017, àwọn mìíràn sì dé lọ́kọ̀ọ̀kan. 108 ni iye tí wọn ò tíì rí lásìkò tí wọ́n ń mọ orí.

Kí wá ló ní kí ìyá yẹn máa sọ báyẹn?

Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ló ń bá wí. Mo ti ń rò ó láti ìrọ̀lẹ́. Lọ́dọ̀ wa, ta là ń gbẹ́ ère fún? Ìbejì tó bá kú là ń gbẹ́ ère fún, ìyá á máa wẹ̀ ẹ́, á máa fi osùn pa á, á máa bọ́ ọ. Ní Ọ̀wọ̀ àtijọ́, àkó nìyẹn: wọ́n á gbẹ́ òkú ẹni ńlá sórí igi, kó ga tó èèyàn, kó jọ ọ́, wọ́n á wọ aṣọ òkú náà fún un, wọ́n á gbé e yí ìlú ká, wọ́n á sì sin ín. Ìyá tó wà nínú ọkọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí o bá mọ orí fún ọmọ tí kò tíì dé, o ti fẹ́ẹ̀ sọ ohun kan tí ìyá rẹ̀ kò tíì gbà.

Ó jọ pé àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà mọ̀. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní èrò nínú: ère náà ń mí. Mo fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀. Mi ò tíì lè gbà á tán.

Fíìmù Joel Kachi Benson nípa àwọn ìyá Chibok ló ń wá sí mi lọ́kàn, èyí tó gba ẹ̀bùn ní Venice lọ́dún 2019. Awò ni wọ́n ń gbé sójú wò ó, àyíká á yí ọ ká. Kámẹ́rà rẹ̀ ń rí iwájú, ó ń rí ẹ̀yìn, ẹni tó ń yà á kò lè dúró tì í, àfi kó gbé e kalẹ̀ kó lọ fara pamọ́. Ẹni tó bá sì sún mọ́ kámẹ́rà jù, ojú rẹ̀ á pín sí méjì níbi tí wọ́n ti so àwòrán iwájú àti ti ẹ̀yìn pọ̀. Ìyá kan ló wà níbẹ̀ tó ń fọ aṣọ ọmọ rẹ̀ tí wọ́n jí gbé, kó lè bá a ní mímọ́ bó bá dé. Ìyá ìbejì ń wẹ ère, ó mọ̀ pé ọmọ ti lọ. Ìyá yìí ń fọ aṣọ, ó ní ọmọ ń bọ̀. Omi kan náà ni o…

Lọ́dún 2014, aṣọ pupa, pátákó, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́rin: Bring Back Our Girls. Ní Yorùbá, ẹ dá àwọn ọmọbìnrin wa padà. Ta ni "ẹ" yẹn? Ìjọba ni àbí àwọn tó jí wọn kó? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ro ìyẹn, èmi ò rí ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọ̀wọ̀ tún kàn mí lára jù. Ọjọ́ Ìsinmi, 5 oṣù kẹfà 2022, ní ìjọ Kátólíìkì Fransisi Mímọ́, àwọn agbébọn pa èèyàn tó lé ní ogójì. Ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó kọ́ ibi ìrántí fún wọn, ìjọba kan náà sì wó o lọ́dún 2024. Ibi tí wọ́n kọ́ ọ sí, nítòsí ààfin, ló dá awuyewuye sílẹ̀. Inú ìlú tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ère sin ẹni ire! Ibi tí ère máa dúró sí ni kí wọ́n kọ́kọ́ bi àwọn àgbà, kí wọ́n tó pe bíríkìlà. Orúkọ ni kí wọ́n gbẹ́ kẹ́yìn, kí wọ́n sì fi àyè sílẹ̀, torí ẹni tó wà nílé ìwòsàn lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣí ibi ìrántí lè má jí lọ́jọ́ kejì.

Mo ti yà kúrò lójú ọ̀nà. Orí amọ̀ kì í jẹ́ ìpè.

Lẹ́yìn tí wọ́n mọ orí 108, àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà tún ti dé, òmíràn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Iye orí kò dín. Amọ̀ tí wọ́n bá ti sun kò ṣeé pò mọ́, ẹ rì í sómi títí, kò ní rọ̀. Ká ní èmi ni, mi ò ní sun wọ́n. Bí ọ̀kan bá dé, kí ìyá rẹ̀ mú orí kan, kó jù ú sínú omi, kó wò ó títí á fi yọ́ padà di ẹrẹ̀.

Ṣùgbọ́n amọ̀ tí wọn ò sun, òjò kan bíi ti òní ti tó fún gbogbo wọn.